Iṣẹ́ ìjọba ti wọ inú fóònù, ṣùgbọ́n ta ló polówó rẹ̀ fún aráàlú?

Àwọn ọlọ́jà máa ń sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó bá kó ẹja tútù sínú yàrá, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń tà, kò gbọdọ̀ bínú bí ẹja náà bá bàjẹ́ sí i lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ àwọn iṣẹ́ tí ìjọba ti gbé sórí ẹ̀rọ ayélujára ṣe rí gan-an nìyẹn, pàápàá jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjà wà nílẹ̀, owó ńlá ni wọ́n fi kó o wá, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n torí wọn kó o wá ni kò mọ̀ pé ó wà.

Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí owó ló ń gbà lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ìyẹn NIN, ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, àjọ NIMC tó ń bójú tó o sì ti kéde rẹ̀ láìmọye ìgbà. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń sanwó fún ẹni tó ní òun máa bá wọn ṣe é kíákíá. Bákan náà, ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó kàn gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀ lè tẹ *346# lórí láìnì tó fi forúkọ sílẹ̀, nọ́ńbà náà yóò sì jáde. Owó tí kò tó nǹkan ni wọ́n máa yọ nínú owó ìpè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ní tirẹ̀ yóò ti ṣọ́ọ̀bù, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì, yóò tò sórí ìlà, ọjà ọjọ́ kan yóò sì ti lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ máa rántí oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn so NIN pọ̀ mọ́ láìnì fóònù wọn. Àsìkò tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà ni, síbẹ̀ ńṣe ni èrò ń wọ́ tìrítìrí lọ sí ọ́fíìsì NIMC káàkiri. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n dínà ìpè mọ́ àwọn láìnì tí wọn kò tíì so. Òǹtàjà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè lórí fóònù mọ ohun tí irú ìdínà bẹ́ẹ̀ ń fa. Owó ni, kì í ṣe ìnira lásán.

Ibi tó tún wá le sí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Nọ́ńbà pàjáwìrì méjì ló wà ní Èkó, 767 àti 112. Ọ̀fẹ́ ni pípè wọ́n, bí kò bá tilẹ̀ sí kọ́bọ̀ lórí fóònù. Bí iná bá ń jó ṣọ́ọ̀bù, bí ọkọ̀ bá forí sọ ara wọn, ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó bá wà nítòsí kọ́kọ́ pè. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà náà sórí yóò máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, iná kò sì ní dúró de wọn.

<b>Ohun tó ti wà nílẹ̀</b>

Kì í ṣe òní kọ́ ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun fẹ́ sọ Èkó di ìlú ọlọ́gbọ́n, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní smart city. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kò ju ìlú tí ẹ̀rọ ti ń dín wàhálà aráàlú kù lọ: kéèyàn lè wọ ọkọ̀, kó san owó orí, kó fi ẹ̀sùn sùn, kó gba ìwé tó fẹ́ gbà, láìjẹ́ pé ó ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Ní ọdún 2016, nígbà tí Akinwunmi Ambode jẹ́ gómìnà, Èkó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn ará Dubai. Lẹ́yìn tí Babajide Sanwo-Olu di gómìnà ní 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri ìgboro láti ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. 3,000 kìlómítà ni wọ́n là kalẹ̀ fún ìpele àkọ́kọ́.

Lórí òkè ilẹ̀ náà, nǹkan kò dúró. Àjọ LIRS tó ń gba owó orí ní Èkó ní ìkànnì tó ń jẹ́ eTax, níbi tí oníṣòwò lè jókòó sí ilé rẹ̀ kó sọ iye tó wọlé fún un lọ́dún, kó sì san ohun tó tọ́ kó san. Ìparí oṣù kẹta ọdọọdún ni gbèdéke fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Ètò adójútòfò ìlera Ìlera Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2018. Káàdì ìdánimọ̀ àwọn olùgbé Èkó, LAG ID, jáde ní 2022 láti ọwọ́ àjọ LASRRA. CitizensGate náà wà, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ kí aráàlú lè máa fi ẹ̀sùn àti ìbéèrè wọn ránṣẹ́.

Tí ẹ bá wo àwọn tí a kà sílẹ̀ yìí dáadáa, ẹ máa rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìkànnì eléyìí yàtọ̀ sí ti ìyẹn, orúkọ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà yàtọ̀. Lóòótọ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ tí ọ̀nà bá pọ̀ tí kò sí ẹni tó ń júwe, àlejò á sọnù ni.

<b>Ohun tó mú káàdì Cowry tàn</b>

Ọ̀kan wà nínú àwọn iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé ọmọdé àtàgbà ló mọ̀ ọ́n. Káàdì Cowry ni. Owó ẹyọ ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ìyẹn owó tí àwọn baba ńlá wa ń ná kí ṣílè àti náírà tó dé. Ní 2020 ni wọ́n gbé e dé orí bọ́ọ̀sì BRT. Kó tó dé, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ni èrò máa ń rà láti oṣù kẹta ọdún 2008 tí BRT ti bẹ̀rẹ̀ láàrin Máìlì 12 sí CMS. Lónìí, káàdì kan náà ni wọ́n fi ń wọ rélùwéè Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Marina dé Máìlì 2, àti Red Line tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 láti Agbado dé Oyingbo. Wọ́n ń lò ó fún ọkọ̀ ojú omi LAGFERRY pẹ̀lú.

Kí ló dé tí ìyá tó ń ta tòmátì ní Máìlì 12 fi mọ bí wọ́n ṣe ń lo Cowry, àmọ́ tó lè máà gbọ́ orúkọ CitizensGate rí? Ìdí mẹ́ta la rí.

Àkọ́kọ́ ni pé dandan ni. Ẹni tí kò bá ní i kò lè wọ ọkọ̀ náà. Èkejì, èèyàn ló ń tà á, èèyàn ló sì ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ní ibùdókọ̀, ẹni tó bá fi owó sórí káàdì fún yín wà níwájú yín. Tí káàdì bá kọ̀, ẹ máa bi í léèrè lédè tó yé yín. Ẹ̀kẹta, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ohun tí a bá ń ṣe láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kò nílò olùkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ìjọba ló lè jẹ́ dandan, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ làá lò lójoojúmọ́. Ẹni tó ń wá ìwé kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè mọ ọ̀nà rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ tó ń wọ̀. Ìdí kejì yẹn, ìyẹn kí èèyàn wà nítòsí tó máa fi hàn, nìkan ló ṣeé mú lò fún gbogbo wọn. Òun gan-an sì ni ìjọba kì í sábà náwó lé lórí. Ńṣe ni wọ́n máa ń ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, kámẹ́rà á yà wọ́n, ìwé ìròyìn á gbé e, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò sẹ́ni tó tún ń sọ ọ́ mọ́.

<b>Kóòdù tí ẹnu lè gbé</b>

Àwọn báńkì ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ rárá ohun tó máa tẹ̀ bó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Tó bá ń lo GTBank, á sọ *737#. Tó bá jẹ́ First Bank, *894# ni. Oníbàárà UBA á pe *919#, ti Zenith á pe *966#, ti Access á pe *901#. Ta ló kọ́ wọn? Ọmọ wọn ni, tàbí ẹni tí ìsọ̀ wọn jọ wà nítòsí ara wọn.

Ohun tó mú kó rọrùn ni pé nọ́ńbà mẹ́ta péré ni. Ẹnu lè gbé e láti ìsọ̀ kan dé òmíràn, ẹni tó gbọ́ ọ kò ní gbàgbé, fóònù kékeré alátẹ̀ sì lè lò ó láìsí dátà. Àdírẹ́sì ìkànnì tó gùn bí okùn kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Tí àmì kan péré bá yẹ̀, ibòmíràn lẹ máa bá ara yín. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ fún ìjọba máa bi ara wọn pé, ṣé ìyá kan lè júwe nǹkan yìí fún ìyá kejì láìkọ ọ́ sílẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Orúkọ pàápàá wà lára rẹ̀. Ìlera Èkó kò nílò ògbufọ̀ fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Àwọn lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n tò pọ̀ nílò rẹ̀.

<b>Ohun tí New York àti Rwanda ṣe</b>

Wàhálà yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Nílùú New York ní Amẹ́ríkà, kí ọdún 2003 tó dé, ojú ìwé 14 ni nọ́ńbà àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìlú gbà nínú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, ibi tí wọ́n sì ti ń gba ìpè aráàlú lé ní 40. Ẹni tí omi ń jò níwájú ilé rẹ̀ kò mọ èwo ni kóun pè. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, lábẹ́ olórí ìlú Michael Bloomberg, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, 311. Ẹ ṣáà pè é, ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín, ẹni tó gbé e ló máa mọ ọ́fíìsì tó kàn. Wọ́n tún wá ògbufọ̀ sí i, débi pé èdè tó lé ní 150 ni wọ́n lè fi dá èèyàn lóhùn. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí ni pé wọn kò sọ pé kí aráàlú lọ kọ́ bí ìjọba ṣe pín ara rẹ̀ sí ọ́fíìsì. Ìjọba ló gbé wàhálà yẹn lé ara rẹ̀ lórí.

Ní Rwanda tó wà ní Áfíríkà níbí, Irembo ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ọ̀nà ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Kinyarwanda. Láti 2015 ni ibi kan ṣoṣo yẹn ti wà tí aráàlú fi ń béèrè fún ìwé ìbí, ìwé ìrìnnà, ìdánwò ìwé ìwakọ̀ àtàwọn mìíràn. Kinyarwanda wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì àti faransé. Èyí tó wú wa lórí jù níbẹ̀ ni pé wọn kò fi aráàlú sílẹ̀ pẹ̀lú ìkànnì nìkan. Wọ́n ní àwọn aṣojú ní ìlú àti ìgbèríko, àwọn tí wọ́n ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì ń bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ṣe é, wọ́n á gba owó iṣẹ́ wọn. Ẹnu ọ̀nà wà, àwọn tó ń fi ọ̀nà hàn náà sì wà níbẹ̀.

<b>Yorùbá ńkọ́?</b>

Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin tó wà fún títọ́jú èdè Yorùbá àti ìgbélárugẹ rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba tó ní kí ọmọ kọ́ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́, ó yẹ kó lè fi Yorùbá bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Iṣẹ́ tó bá ti jẹ́ pé gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn tó mọ gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Kì í ṣe ìkànnì nìkan ni a ní lọ́kàn. Rédíò wà, ó sì ń dé ibi tí dátà kò dé. Ìyálọ́jà wà ní ọjà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, mẹkáníìkì àti onígbàjámọ̀ máa ń ṣe ìpàdé. Àwọn onílé náà ń pàdé ní CDA àdúgbò wọn. Tí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìpàdé kan, tó ní kí gbogbo wọn yọ fóònù jáde, tó sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, ogójì èèyàn tó bá wà níbẹ̀ ló máa lọ kọ́ ogójì ilé.

<b>Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú</b>

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń gbé kiri, òfófó lè dà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn oníjìbìtì mọ̀ pé aráàlú ń wá ọ̀nà, wọ́n á sì ṣe ìkànnì tó jọ ti ìjọba, wọ́n á fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìjọba ń pín owó, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ kó tó parí. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà BVN rẹ̀ àti nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀ síbẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn fún olè.

Kí ẹ tó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ wo ìparí àdírẹ́sì náà. Àwọn ìkànnì ìjọba Nàìjíríà sábà máa ń parí sí .gov.ng, ti Èkó sì ni lagosstate.gov.ng. Ìjọba kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí ATM lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Báńkì náà kì í béèrè rẹ̀. Tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó sínú àkáǹtì òun kì í ṣe ìjọba.

<b>Òwò wà níbẹ̀</b>

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ojú ìwé òwò nìyí. Báńkì àpapọ̀ gbé ìlànà sílẹ̀ fún àwọn aṣojú báńkì ní 2013. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òpópónà tí oní-POS kò sí lábẹ́ agbòòrùn. Ní 2024, àjọ CAC ní kí wọ́n fi orúkọ òwò wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní fóònù, tí àdúgbò ti mọ̀, tí wọ́n fọkàn tán débi pé wọ́n ń fún wọn lówó, ti wà nílẹ̀. Tí Èkó bá fẹ́ ṣe bíi Rwanda, kò tún ní láti lọ wá ẹlòmíràn.

Kí ìjọba yan àwọn tó bá kúnjú ìwọ̀n nínú wọn, kó kọ́ wọn, kó lẹ iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara agbòòrùn wọn, kó sì jẹ́ kí aráàlú mọ èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti èyí tí wọ́n ń gbowó fún. Iye owó tó wà lójú gbangba ló máa jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ àti ẹni tó ń rẹ́ni jẹ. Ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní ọjà, ní Yorùbá, pẹ̀lú 767, 112 àti kóòdù mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò lè gbówó tó ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ kan.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ẹ fi 767 àti 112 pamọ́ sórí fóònù yín, ẹ sì kọ́ ọmọ yín àti ẹni tó ń bá yín tajà. Ẹ tẹ *346# kí ẹ mọ NIN yín sórí ìwé kan tí ẹ máa tọ́jú sílé. Ti BVN ni *565*0#, lórí láìnì tí ẹ fún báńkì. Tí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ ìjọba kan lórí fóònù tó sì bọ́ sí i, ẹ sọ fún ẹni kan tó sún mọ́ yín bí ẹ ṣe ṣe é àti iye tó ná yín, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la.